Ìdí Ni Mo Ń Sanra Sí Tẹ́lẹ̀, Kí Ló Gbé Ọ̀rá Wá Sí Ikùn?

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 53 ni mí, Nyanya ni mò ń gbé. Láti ìgbà ọmọge, ìdí àti itan ni mo máa ń sanra sí. Àmọ́ látìgbà tí nǹkan oṣù mi ti dáwọ́ dúró, ìdí ń fọn, ikùn ń yọ. Mo ti mu tíì tí wọ́n fi ń dín ikùn kù, mo ti fi bẹ́líìtì dì í, pàbó ni. Kí ló fà á? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹni ọdún 51 ni mí nígbà tí tèmi dé, ní Kubwa níbí. Ìró tí mo ti ń ró tipẹ́ kò yí mi ká mọ́, bẹ́ẹ̀ bàtà mi kò fún mi, ọwọ́ mi ò sì tóbi sí i.

Èròjà ara tí à ń pè ní estrogen ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí nǹkan oṣù ṣì ń wá, òun ló ń darí ọ̀rá sí ìdí àti itan, kí ara lè ní ohun tí yóò fi gbé oyún, tí yóò sì fi tọ́ ọmọ lọ́mú. Bó bá ti lọ sílẹ̀, ọ̀rá á gba ikùn lọ, bíi ti ọkùnrin. Ti ìdílé náà wà níbẹ̀: ẹ wo bí ìyá yín ṣe rí.

Ibi tó ká mi lára rèé. Ọ̀rá ikùn pé méjì. Èyí tí ẹ lè fi ìka méjì dì mú wà lábẹ́ awọ, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Èkejì fara pamọ́ sínú, ó yí ìfun ká, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ sì ń lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀. Ó wà lára ohun tó ń fa ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Bẹ́líìtì kò lè yọ́ ọ. Púpọ̀ nínú àwọn tíì yẹn sì jẹ́ ewé tó ń ya ìgbẹ́. Omi ara lẹ̀ ń pàdánù.

Ẹ yá tépù lọ́wọ́ télọ̀ yín. Ẹ mí síta, ẹ má fa ikùn wọlé, kí ẹ wọn ìbàdí lókè ìdodo díẹ̀. Kò yẹ kó tó ìdajì gíga yín: ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 160, kó má tó 80. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ dín kunu àti zobo onísúgà kù, ẹ máa rìn kíákíá ní ìdájí kí oòrùn Abuja tó mú. Ọ̀rá inú yẹn máa ń gbọ́ ti ìrìn.

Ṣùgbọ́n bí ikùn bá le, tó ń wú kíákíá, tí oúnjẹ díẹ̀ ń yó yín, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tún yọ lójú ara, ẹ má kà á sí ọ̀rá. Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni kí ẹ lọ rí dókítà.