Ọkọ̀ mi ń gbóná nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, omi rẹ̀ sì ń dínkù: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Mo ra ọkọ̀ kan tí ó ti lé ní ọdún 20 lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ń lò ó bọ̀. Bí mo bá ń sáré, ọwọ́ gééjì ìgbóná kì í kọjá àárín, ṣùgbọ́n bí mo bá ti wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ó máa ń gòkè lọ sí ibi pupa. Ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ń bu omi sí rédíétọ̀, n kò sì rí ibi tí ó ti ń jò. Mẹkáníìkì kan ti yọ tẹ́mósítáàtì rẹ̀ dànù, òmíràn sì ní kí n lọ ra rédíétọ̀ tuntun. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí owó rédíétọ̀ tuntun ṣì wà lápò yín ná. Ó jọ pé àìsàn méjì ni ó ń ṣe ọkọ̀ yín: ọ̀kan ni ìgbóná tí ó ń dé nígbà tí ọkọ̀ kò bá lọ geerege, èkejì ni omi tí ó ń dínkù. Ó ṣeé ṣe kí rédíétọ̀ tuntun má wo èyíkéyìí sàn nínú méjèèjì.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn tí ó ń fẹ́ wọlé láti iwájú máa ń tó láti mú omi inú rédíétọ̀ tutù. Bí ọkọ̀ bá dúró, atẹ́gùn yẹn kò sí mọ́, fáànù nìkan ni ó kù. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ tí ó ń gbóná níbi ìdúró, tí ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ bí ó bá ti ń sáré, fáànù rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ká ní orí eré tàbí lórí òkè ni tiyín ti ń gbóná ni, mi ò bá fura sí rédíétọ̀ tí ìdọ̀tí ti dí, sí pọ́ǹpù omi tí ìpẹtà ti jẹ abẹ́bẹ̀ inú rẹ̀, tàbí sí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ tí ó ti rọ̀ débi pé ó ń lẹ̀ mọ́ra nígbà tí pọ́ǹpù bá ń fa omi.

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí fáànù rẹ̀ ń lo iná bátìrì, ó yẹ kí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí yí láìpẹ́. Bí kò bá yí, ẹ wo fíúsì rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi rìléè mìíràn (ẹ̀rọ kékeré tí ń tan iná fáànù tí ó sì ń pa á) tí ó bá a dọ́gba nínú àpótí kan náà pààrọ̀ tirẹ̀. Bí kò bá tíì yí, kí mẹkáníìkì fa wáyà láti bátìrì tààrà sí mọ́tò fáànù. Bí ó bá yí báyìí, a jẹ́ pé wáyà tàbí sẹ́ńsọ̀ tí ó ń sọ fún un pé ooru ti dé ni ó bàjẹ́. Bí kò bá yí rárá, mọ́tò rẹ̀ ti jóná. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ń yí, ẹ má tíì fọkàn balẹ̀. Mo ti tún ọkọ̀ kan ṣe rí tí fáànù rẹ̀ ń yí dáadáa lójú gbogbo wa, àṣé ẹnì kan ti gbé wáyà rẹ̀ méjèèjì sódì, atẹ́gùn gbígbóná ni ó ń tì padà síwájú. Bébà pẹlẹbẹ kan ni ó tú àṣírí rẹ̀: bí fáànù bá wà lẹ́yìn rédíétọ̀, tí ẹ bá gbé bébà síwájú rédíétọ̀, ó yẹ kí bébà náà lẹ̀ mọ́ ọn. Tìyẹn ń fò dànù ni.

Ó wá ku omi. Omi kì í ṣàdédé pòórá nínú rédíétọ̀, ṣùgbọ́n ó lè jò kí ó sì gbẹ lára ẹ́ńjìnnì gbígbóná kí ó tó kan ilẹ̀. Ìdérí rédíétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á sí. Omi lásán máa ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n bí ìdérí tí a kọ 15 psi sí (ìwọ̀n ìfúnpá tí ó lè dì mú) bá há a mọ́ bí ó ti yẹ, kò ní hó títí yóò fi dé nǹkan bí 120°C. Bí rọ́bà abẹ́ ìdérí bá ti sán, tàbí tí sípíríńgì rẹ̀ ti dẹ̀, omi yóò tètè hó, yóò sì máa gba inú ike ìpamọ́ omi jáde díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ihò kékeré tí ó wà lábẹ́ pọ́ǹpù omi. Bí ojú ibẹ̀ bá ní èépá funfun tàbí aláwọ̀, pọ́ǹpù ti ń jò. Ẹ fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì tí ó wà níwájú ìjókòó iwájú náà, nítorí pé rédíétọ̀ kékeré tí ń mú ooru wọ inú ọkọ̀ lè máa jò síbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ ìfúnpá fún atẹ́gùn sínú rédíétọ̀ nígbà tí ó bá tutù, dé iye tí a kọ sára ìdérí, kí ẹ sì dúró wò ó bóyá ọwọ́ gééjì ẹ̀rọ náà yóò wálẹ̀. Kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣe èyí ṣáájú kí ó tó tú nǹkankan.

Èyí tí mo ń bẹ̀rù jù ni tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí ó ń dí àárín tọ́ọ̀pù sílíńdà (orí ẹ́ńjìnnì) àti ara ẹ́ńjìnnì. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ tan ọkọ̀. Bí ìfófó bá ń sọ jáde láìdáwọ́ dúró, bí họ́ọ̀sì òkè bá ti le gan-an kí omi tó gbóná rárá lẹ́yìn tí ẹ ti dé e padà, tàbí bí ọ́ìlì bá funfun bí ìfófó ọṣẹ, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́. Bí ẹ bá ń wà á lọ bẹ́ẹ̀, tọ́ọ̀pù sílíńdà lè wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò sì ní dí i mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ.

Ní ti tẹ́mósítáàtì, mo bẹ̀ yín, ẹ dá a padà. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí i tí wọ́n yọ ọ́ jù nù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sé omi mọ́ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín 82°C sí 90°C. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì yóò máa tutù jù lórí eré, yóò máa jẹ epo, omi inú ọ́ìlì kò sì ní ráyè gbẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, òun náà ni ó ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi lè gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀, nítorí náà yíyọ ọ́ tilẹ̀ lè dá kún ìgbóná. Kí wọ́n tó de tuntun mọ́ ọn, ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí iná. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí là ní ìwọ̀n ooru tí a tẹ̀ sí i lára.

Omi lásán ń mú ìpẹtà wá, nítorí náà ẹ fọ inú rédíétọ̀ mọ́, kí ẹ sì da kúláǹtì (omi oògùn tí a ń pò mọ́ omi rédíétọ̀) tí ìwé ọkọ̀ yín sọ sí i, ìdajì kúláǹtì, ìdajì omi tí kò ní iyọ̀. Ẹ má po oríṣi méjì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí iwájú ọkọ̀ ga díẹ̀, kí ẹ tan ooru inú ọkọ̀ dé òpin, kí ẹ sì fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù títí atẹ́gùn yóò fi jáde tán. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣí ìdérí tí ó ti gbóná láé. Ó di ìgbà tí ẹ bá lè di họ́ọ̀sì òkè mú láìjó yín lọ́wọ́. Bí ọwọ́ gééjì bá sì tún gòkè lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ tan ooru inú ọkọ̀ dé òpin, ẹ wá ibi yà sí kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ má sì da omi tútù sí i nígbà tí ó ṣì gbóná.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, ẹ fi bírò fa ìlà sára ike ìpamọ́ omi ní òwúrọ̀ tí ọkọ̀ tutù, kí ẹ máa wò ó ní àràárọ̀ fún ọjọ́ 7. Bí omi bá dúró lójú ìlà, tí ọkọ̀ kò sì gbóná mọ́, rédíétọ̀ yín kò ní ẹ̀bi kankan. Bí ó bá ṣì ń wálẹ̀, ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó rin ìrìnàjò gígùn kankan.