Èsì: Tòlótòló tó ṣì dì bí òkúta, ọ̀la sì ni Thanksgiving (ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà)

Ẹ kú ìmúra, àǹtí. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ fi omi gbígbóná yọ́ tòlótòló yín, àti bí ẹ ṣe máa ṣe tábìlì. Ẹ má ṣe fi tòlótòló pọ́n-ùn 12 yẹn sínú omi gbígbóná o. Òde rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ kí inú tó yọ́. Ẹ má tú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e, ẹ rì í sínú omi tútù, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ìṣẹ́jú 30-30. Nǹkan bí wákàtí 6 ni yóò gbà.

Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wọ ófùnù ní kété tó bá yọ́ ni. Nígbà tí ẹ ní aago mẹ́rin ọ̀sán ni àwọn àna yín ń bọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí ọ̀la.

Tèmi, mo máa ń gé e ni: itan, apá, àyà sí méjì. Ó ń tètè jinná, ata rodo àti táìmù sì ń wọ ẹran dáadáa. Ẹ ki òṣùwọ̀n ooru bọ ibi tó nípọn jù, kó má kan egungun. Tó bá ti ka 165°F, ó ti jinná.

Ní ti tábìlì, ìborùn aṣọ òkè kan ní àárín ti tó, pẹ̀lú elégédé kéékèèké mẹ́ta. Ohun tó bá ga kò ní jẹ́ kí àwọn àgbà rí ojú ara wọn. Ẹ jẹ́ kí jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹ̀fọ́ rírò wà ní ilé ìdáná, kí kálukú lọ bù ú níbẹ̀, kí epo má bàa ta sí aṣọ náà. Àbàwọ́n epo pupa ṣì wà lára ìborùn ìgbéyàwó mi títí dòní, ó sì ń dùn mí.