Báwo ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń mọ̀ láti òkèèrè pé igi tó tutù yọ̀yọ̀ kò ṣe oúnjẹ mọ́?

Àwọ̀ ewé nìkan kò lè sọ ọ́. Igi páìnì ní Kánádà kì í wọ́wé tán. Bí yìnyín bá tilẹ̀ bo gbogbo ilẹ̀, ewé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tútù, bẹ́ẹ̀ ó ti dáwọ́ oúnjẹ ṣíṣe dúró.

Èròjà irú èyí tó ń mú kárọ́ọ̀tì pọ́n ló ń tú u láṣìírí. Bí oòrùn bá ju èyí tí ewé lè lò lọ, èròjà wọ̀nyí á yí padà láti dáàbò bò ó, agbára tó ṣẹ́kù á sì jáde bí ooru. Lójú ẹsẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ewé ń ta padà ní 531 nanometer (ìwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀) á dín díẹ̀. Díẹ̀ náà kéré o, ojú lásán kò lè rí i. Wọ́n á wá fi wé ìmọ́lẹ̀ ti 570 nanometer, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Gamon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ìṣirò yìí jáde ní 1992. PRI (Photochemical Reflectance Index) ni wọ́n ń pè é.

Lórí odindi igbó, ẹ ṣọ́ra: òjìji àti ibi tí oòrùn dúró sí máa ń da ìṣirò náà rú.