Báwo ni géèmù ṣe lè máa yára lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò ní káàdì gíráfíìkì?

Resolution (iye àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán ojú kọ̀ǹpútà) ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù. Ní 1920×1080, pixel (àwọn àmì kéékèèké yẹn) tó lé ní mílíọ̀nù 2 ni kọ̀ǹpútà ń yà fún àwòrán kan ṣoṣo. Tí ẹ bá sọ ọ́ di 1280×720, kò tó mílíọ̀nù 1 mọ́. Kò sí ètò (setting) mìíràn tó ń gba ẹrù kúrò lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa òjìji inú géèmù.

Nígbà tí kò ti sí káàdì gíráfíìkì, inú RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí) ni kọ̀ǹpútà yín ti ń yá àyè tó fi ń ya àwòrán. Ìdí nìyẹn tí RAM 4GB méjì fi sábà máa ń dára ju ẹyọ 8GB kan ṣoṣo lọ: dátà ń gba ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí àyè RAM kejì bá ṣófo, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó sí. SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì tó yára) á jẹ́ kí géèmù tètè ṣí, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú eré rẹ̀ yá sí i.

Tó bá ń lọ dáadáa fún ìgbà díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ooru ni mo fura sí. CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) máa ń dín eré ara rẹ̀ kù kó má bàa gbóná jù. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ fẹ́ eruku inú fáànù dànù. Bí ẹ ṣe ń fẹ́ ẹ, ẹ di fáànù náà mú kó má yí. Tó bá jẹ́ laptop, ẹ má yọ ṣájà tí ẹ bá ń ta géèmù.