Ṣé Mùsùlùmí lè máa fi ọtí rẹ egbò?

Ìbéèrè: Àlífá wa, as-salaamu alaykum. Ìyá mi ń ta ewé àti egbò, èmi náà sì ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ oje ewé lọ́nà ìgbàlódé. Olùkọ́ wa ní ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn èròjà tó ń pani nínú ọtí, ni ká máa lò, pé inú ìrèké àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ti lè rí i, pé kò lóró bíi hẹ́sénì tó ń ti ara epo rọ̀bì wá, kì í sì í ba ilẹ̀ àti odò jẹ́. Ní ti ìyá mi, ògógóró ni wọ́n fi ń rẹ egbò jẹ̀dí. Ṣé ó tọ́ fún wa? Tó bá jẹ́ ìpara ńkọ́? Kí la lè fi rọ́pò rẹ̀?

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salaam, arábìnrin wa. Lórúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Rírẹ nǹkan sómi kí adùn rẹ̀ lè jáde kò ṣàjèjì sí ilé Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Nínú hádíìsì tí Imam Muslim gbà wá, Ibn Abbas sọ pé wọ́n máa ń rẹ èso àjàrà gbígbẹ sínú omi fún un. Á mu ún lọ́jọ́ náà, á mu ún lọ́jọ́ kejì, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, kì í mu ún mọ́, nítorí bó bá pẹ́ jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í di ọtí. Èso kan náà ni, omi kan náà ni, àkókò ló yàtọ̀. Ohun tí a óò máa wò kò ju ìyẹn lọ: ṣé ohun tó wà nínú ìgò yìí, bí èèyàn bá mu púpọ̀ nínú rẹ̀, ó máa yó?

Ti ògógóró kò gba àríyànjiyàn. Tariq bin Suwayd bi Ànábì nípa ọtí, ó sì kọ̀ ọ́ fún un. Tariq ní oògùn lòun fi ń ṣe. Ànábì ní: "Kì í ṣe oògùn, àìsàn ni." Imam Muslim ló gbà á wá. Bí ẹnìkan bá sì ní ṣíbí kan péré lòun ń mu, Jabir gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì pé ohun tí púpọ̀ rẹ̀ bá ń pani bí ọtí, díẹ̀ rẹ̀ náà èèwọ̀ ni. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa á sọ pé egbò làwọn ń tà, àwọn ò ta ọtí. Ẹ wo àwọn tó ń tò ti alágbo ní garéèjì láàárọ̀ kùtù, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á tún wá lọ́la bó bá jẹ́ omi ni wọ́n fi rẹ ẹ́! Ègún hádíìsì sì kan ẹni tó ń ra ọtí àti ẹni tó ń tà á, kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń mu ún.

Omi ògì tí wọ́n fi ń rẹ egbò kò sí lára èyí. Ó kan lóòótọ́, àmọ́ bí ẹ bá mu kẹ́ẹ̀gì kan, inú rírun lẹ máa bá délé, ẹ ò ní yó.

Ní ti ẹ́tánọ́ọ̀lù, òótọ́ lolùkọ́ yín sọ nípa ilẹ̀ àti odò. Àmọ́ kí nǹkan má ba ilẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀, kó jẹ́ halali ọ̀tọ̀. Ní 78°C ni ẹ́tánọ́ọ̀lù ń hó, nítorí náà wọ́n lè lé e jáde tán lẹ́yìn tó bá ti fa oje ewé, kó ku ìyẹ̀fun gbígbẹ. Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ní ẹni tó lo irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ kò mu ọtí, èmi náà sì fara mọ́ ọn. Bó bá ṣẹ́ kù sínú oògùn ńkọ́? Àjọ àwọn onímímọ̀ Fíkíhì (òfin ẹ̀sìn Islam) àgbáyé tó wà ní Jeddah jókòó ní Amman lọ́dún 1986, wọ́n ní Mùsùlùmí lè lo oògùn tí ọtí wà nínú rẹ̀ bí kò bá sí òmíràn, tí dókítà tó ṣeé fọkàn tán sì kọ ọ́ fún un. Aláìsàn tí kò ní ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún. Ẹ̀yin tí ẹ ń pèsè fún títà, tí ẹ sì lè yàn, kò kàn yín.

Ti ìpara rọrùn díẹ̀. Nínú ìwé àwọn Màlíkì, àwọn tó ń tẹ̀lé òye Imam Malik, tí a kà ní kéwú níhìn-ín, ẹ̀gbin ni ọtí, ẹni tó bá kàn án lára gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kó tó kírun. Síbẹ̀, Rabia tó jẹ́ olùkọ́ Imam Malik fúnra rẹ̀, àti Layth bin Sad, sọ pé mímu rẹ̀ ló jẹ́ èèwọ̀, ara rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀gbin. Ẹ́tánọ́ọ̀lù tí wọn kò ṣe fún mímu, tó sì máa ń gbẹ lára kíákíá, èmi kò ní ká ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kò lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ra, kó fọ ara kó tó ṣe àlúwàlá.

Èyí tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀ pọ̀. Ẹ gbé efinrin tàbí koríko ọba lé orí ooru omi: òórùn rẹ̀ á gòkè pẹ̀lú ooru, bó bá tutù, òróró rẹ̀ á léfòó lórí omi, ẹ ó sì gbé e kúrò. Èyí tó bá fẹ́ ọ̀rá, ẹ rẹ ẹ́ sínú àdín tàbí òróró ẹ̀pà. Gílísẹ́ríìnì náà dára, àmọ́ ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ara epo pupa ló ti wá tàbí ọ̀rá ẹran, nítorí ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lo afẹ́fẹ́ tó ń hó nínú mínírà: bí ooru rẹ̀ bá ju 31°C lọ, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po bí 73 agbára afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, á máa fa oje bí omi. Bí wọ́n bá ṣí i, á fò lọ, kò ní ṣẹ́ kù rárá. Ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n, àfi bí ẹ̀yin ọlọ́jà bá dáwó jọ.

N kò ní tàn yín pé omi gbígbóná ń ṣe gbogbo rẹ̀. Tu Youyou ní Ṣáínà rí i pé ooru ló ń ba agbára ewé qinghao, tí wọ́n fi ń wo ibà, jẹ́. Íítà, kẹ́míkà olómi kan tó ń hó ní bí 35°C, ló fi yọ ọ́, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Íítà yẹn kì í ṣe ọtí mímu. Irú ewé bẹ́ẹ̀ wà, ọwọ́ àwọn onímọ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀ sí.

Ìgò ògógóró tó ṣẹ́ kù nílé ìyá yín, dídànù ni. Abu Talha bi Ànábì nípa ọtí tí àwọn ọmọ òrukàn jogún. Ó ní: "Dà á nù." Abu Talha ní ṣé kóun má sọ ọ́ di ọtí kíkan (fínígà)? Ó ní rárá. Bí a kò bá yọ̀ǹda ti ọmọ òrukàn, ti wa náà kò ní yọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ fún ìyá ní ìsọ̀ níwájú oníbàárà o. Ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá jẹun tán nílé, kí ẹ sì mú egbò tí ẹ fi omi rẹ dání lọ.

Wallahu alam, Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.