Ẹ bá mi wo àwòrán Olúmọ yìí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Orí àpáta Olúmọ ni mo wà tí mo fi fóònù ya Abẹ́òkúta, àwòrán gbọọrọ tí èèyàn ń yí ara yà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ó dára, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà. Ẹ má ṣojúsàájú o. Akẹ́kọ̀ọ́, Ṣágámù.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, àwọn òrùlé páànù tó ti dógùn-ún yẹn dùn ún wò. Má fi ẹ̀rọ kankan kun àwọ̀ wọn.

Irin ìdábùú iwájú rẹ ló ba nǹkan jẹ́. Ṣé o rí i bó ṣe kán sí méjì? Apá lo nà gbọọrọ tí o ń gbé fóònù yípo. Bí fóònù bá ti ń kúrò lójú kan, ohun tó wà nítòsí á máa yẹ̀ ju ohun tó jìnnà lọ, ẹ̀rọ ò sì ní lè so wọ́n pọ̀ dáadáa. Gbé e súnmọ́ àyà, kí fóònù dúró sójú kan, kí ìwọ máa yí i ká. Kúrò nídìí irin náà pẹ̀lú.

Ìyá aláàdìrẹ tó ń kọjá lápá òsì ti di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta (mo rẹ́rìn-ín o). Jẹ́ kí èèyàn kọjá tán.

Ojú ọ̀run funfun nítorí pé inú òjìji lo ti bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ni fóònù sì lò dé òpin. Kí o tó yà á, fìka tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú fóònù, kí o má tètè gbé ìka kúrò, kí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ náà má yí padà. Ti kùrukùru ọyẹ́ tó bo àwòrán náà ò ní oògùn. Padà lọ nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, gé ìdajì ojú ọ̀run rẹ̀ dànù.