PCV tó kọ̀ tí kò gòkè, ara tó ń yún mọ́jú: iṣẹ́ kíndìnrín tí ẹ̀rọ kì í bá a ṣe

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi nìyí: màmá ń ṣe dialysis (ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ nígbà tí kíndìnrín ti kú) lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wọ́n wọn kílò 64, wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ EPO tó ń mú kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀, yúnìtì 4,000 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, síbẹ̀ PCV wọn, ìyẹn ìdá tí hóró pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, ò kúrò ní 22. Ara ń yún wọn láti alẹ́ dòwúrọ̀, egungun ẹsẹ̀ àti ìbàdí ń dùn wọ́n. Ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ̀rọ ibẹ̀ ni kò dáa, kẹ́ ẹ gbé wọn lọ síbòmíràn.

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn, n ò rò pé ẹ̀rọ ló fà á. Omi àti ìdọ̀tí ni ẹ̀rọ ń yọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ nígbà tí kíndìnrín ṣì ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan ló ń yọ. Òun ló ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù erythropoietin (òun ni EPO) tó ń pàṣẹ fún mùdùnmúdùn inú egungun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀. Òun náà ló ń sọ fítámínì D di èyí tí ara lè lò. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣe ìyẹn, abẹ́rẹ́ àti oògùn oníhóró ló ń rọ́pò wọn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń sá sókè sá sódò lórí owó ẹ̀rọ, tí wọ́n wá ń fojú kékeré wo oògùn tó yẹ kó máa bá ẹ̀rọ rìn.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ EPO fún ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ ni 50 sí 100 yúnìtì fún kílò kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. 50 lọ́nà 64 jẹ́ 3,200. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta rẹ̀ lọ́sẹ̀ jẹ́ 9,600, èyí tó kéré jù sì nìyẹn. 4,000 tí màmá ń gbà kò tó ìdajì rẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ló sábà ń fà á, àmọ́ kẹ́ ẹ má sọ pé abẹ́rẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ nígbà tí wọn ò tíì gbà á tó.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sáré lọ ra púpọ̀. Àṣẹ ni abẹ́rẹ́ yẹn ń pa, irin ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ferritin (irin tí ara tọ́jú pamọ́) àti transferrin saturation (irin tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀). Fún ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ, bí ferritin bá wà lábẹ́ 200, tàbí tí saturation wà lábẹ́ 20 nínú ọgọ́rùn-ún, irin ò tó, bí wọ́n da EPO sí i títí, owó ni wọ́n ń dà nù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi pupa àti hóró ferrous kì í sábà ran irú wọn lọ́wọ́. Họ́mọ́ọ̀nù kan wà tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, hepcidin lorúkọ rẹ̀, ó máa ń pọ̀ lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kú, ó sì ń dínà mọ́ irin kó má lè ti inú ìfun wọ ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé irin gba iṣan: iron sucrose 100 mg nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí yóò fi pé 1,000 mg. Wọn kì í fún ẹni tí ibà tàbí kòkòrò àrùn wà lára rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ọ̀pá tí wọ́n kì bọ iṣan ọrùn ni màmá fi ń ṣe dialysis, ẹ wo ibi tó ti wọlé. Bó bá pọ́n, tó ń rin, tàbí tí òtútù ń mú wọn bí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àrùn tó bá fara pamọ́ síbẹ̀ á máa sọ EPO di aláìlágbára, ó sì lè wọnú ẹ̀jẹ̀ pa èèyàn.

Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú abẹ́rẹ́ náà tún ṣe pàtàkì. Láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 ti Celsius ló gbọ́dọ̀ wà, kò gbọ́dọ̀ dì, wọn kò sì gbọ́dọ̀ mì ín. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e rìn, ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì wé e kí ẹ tó kó o sínú kúlà. Èyí tó bá fara kan yìnyín tààrà lè dì, èyí tó bá sì ti dì ti bàjẹ́ nìyẹn, kódà bó bá padà yọ́. Ẹ gbé ìgò náà síbi ìmọ́lẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó fà á: omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ gaara. Bó bá dà bí omi ògì tàbí tí nǹkan léfòó nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún un. Ní àdúgbò tí iná ti ń lọ lójoojúmọ́, ẹ má ra ti oṣù mẹ́ta sílé torí pé wọ́n dín owó rẹ̀ kù.

Bí ìwọ̀n àti irin bá ti pé, PCV á bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ibi tí wọ́n ń lé e dé kò ju nǹkan bí 30 sí 35 lọ. Ẹ má lé e dé 40 bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ le, torí ẹ̀jẹ̀ tó ki lè dì nínú iṣan ọpọlọ, ó sì lè dí fístúlà ọwọ́, ìyẹn ibi tí wọ́n ti so iṣan pọ̀ lápá fún ẹ̀rọ. Bó bá gòkè ju 3 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbọ́dọ̀ dín abẹ́rẹ́ kù. EPO máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè pẹ̀lú. Bí tiwọn bá ti ń wọ 180 lórí 110, kí dókítà kọ́kọ́ mọ̀ kí wọ́n tó gùn ún.

Ẹni tó ní kẹ́ ẹ kàn máa fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára lóṣooṣù kò ro ẹ̀yìn ọ̀la. Ohun tí wọ́n ń ṣe láyé àtijọ́ nìyẹn, kó tó di ọdún 1989 tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí EPO. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn máa ń jẹ́ kí ara kọ́ bí yóò ṣe máa bá ara ẹlòmíràn jà. Bí ọ̀kan nínú yín bá fẹ́ fún màmá ní kíndìnrín lọ́jọ́ iwájú, ìyẹn lè jẹ́ kí ara wọn kọ̀ ọ́. Bí èémí bá ń gbé wọn tàbí àyà ń dùn wọ́n, ìyẹn yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kó sì jẹ́ lórí ẹ̀rọ, kí omi àti potassium inú rẹ̀ lè bá ẹ̀rọ lọ.

Ó ku ara yíyún àti egungun. Phosphate ni ẹ máa kọ́kọ́ wò. Inú oúnjẹ ló ti ń wá, kíndìnrín ló sì ń tọ̀ ọ́ dànù tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ máa ń yọ nǹkan bí 800 mg fún wákàtí mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ jẹ́ 1,600. Oúnjẹ tó bójú mu sì lè kó 600 wọ ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́ kan, ìyẹn 4,200 lọ́sẹ̀. Ẹ rí i pé ìṣirò yẹn ò bára dé, bí ẹ̀rọ ti wù kó dáa tó. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ni calcium inú ẹ̀jẹ̀ ń wálẹ̀, torí fítámínì D tí ara lè lò ò sí mọ́. Èso ẹran mẹ́rin kan wà lẹ́yìn thyroid lọ́rùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju hóró ìrẹsì lọ, parathyroid ni wọ́n ń pè é. Bí calcium bá ti wálẹ̀, wọ́n á tú họ́mọ́ọ̀nù PTH jáde, PTH á lọ máa yọ calcium láti inú egungun. Egungun á máa dunni, á máa tètè ṣẹ́, calcium àti phosphate á sì lọ máa gbá jọ sára iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn. PTH tó ga gan-an tún máa ń dènà EPO, nítorí náà ìṣòro PCV àti ti egungun lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Wọ́n á ti fún màmá ní oògùn tó ń de phosphate, calcium carbonate tàbí sevelamer. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ń lò ó. Bí wọ́n bá ní ní àárọ̀ kí wọ́n tó mu tíì, ẹ ti rí ibi tó ti bàjẹ́. Oògùn yìí kì í wọ ẹ̀jẹ̀ lọ mú phosphate, inú ikùn ló ti ń dè é mọ́ oúnjẹ. Bí oúnjẹ ò bá sí níbẹ̀, kò rí nǹkan kan dè. Pẹ̀lú òkèlè àkọ́kọ́ tàbí láàárín oúnjẹ ni kí wọ́n lò ó. Carbonate tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu, kí wọ́n rún un dáadáa. Sevelamer 800 mg, odindi ni kí wọ́n gbé e mì, torí ó máa ń wú. Bí oúnjẹ ọ̀sán bá ni wọ́n ti ń jẹ ẹran àti ẹja, ibẹ̀ ni kí èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn bọ́ sí. Bí wọn ò bá jẹun, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Omeprazole, oògùn ọgbẹ́ inú, máa ń dín agbára carbonate kù. Bí wọ́n bá ń lo ciprofloxacin, oògùn kòkòrò àrùn, kí wákàtí díẹ̀ wà láàárín òun àti calcium. Oògùn ọgbẹ́ inú olómi funfun tí wọ́n ń tà káàkiri, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di mímu ojoojúmọ́: aluminium inú rẹ̀ ń kóra jọ sí egungun àti ọpọlọ ẹni tí kò lè tọ̀ ọ́ dànù.

Ní ti oúnjẹ, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi òfin de ẹ̀wà, kí wọ́n wá máa mu kóòkì. Phosphate inú ẹ̀wà kì í wọ ara tán, nǹkan bí ìdajì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ló ń wọlé. Èyí tí wọ́n fọwọ́ dà sínú kóòkì, sọ́séèjì, ṣíìsì àti mílíìkì inú agolo fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán pátá. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń jẹ tegungun-tegungun, sàdíìnì àti edé náà pọ̀ ní phosphate. Ẹ sì má tìtorí rẹ̀ gba ẹran lẹ́nu wọn: ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ nílò purotéènì tó 1 sí 1.2 gíráàmù fún kílò kan lójúmọ́. Ẹ bọ ẹran, ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ tó fi se ọbẹ̀. Funfun ẹyin náà dára.

Èyí tí wọ́n ń pè ní alfacalcidol tàbí calcitriol, fítámínì D tí kò nílò iṣẹ́ kíndìnrín kí ara tó lò ó ni. Fítámínì D lásán tí wọ́n ń tà nínú ike kò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. 0.25 máíkírógíráàmù ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí phosphate bá ṣì ga gan-an, dókítà á kọ́kọ́ mú un wálẹ̀, torí oògùn yìí ń gbé calcium àti phosphate sókè pa pọ̀. Bí PTH bá kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀, cinacalcet wà, 30 mg pẹ̀lú oúnjẹ. Òun máa ń fa calcium wálẹ̀. Bí ẹnu tàbí ìka bá ń ta wọ́n ṣínṣín, tàbí tí iṣan ń há wọn, ẹ yára ṣe àyẹ̀wò.

Lálẹ́ tí ara bá ń yún wọn, ẹ fi òrí pa á lẹ́yìn ìwẹ̀, kí omi ìwẹ̀ má gbóná jù. Oògùn gabapentin máa ń ran irú wọn lọ́wọ́ ju oògùn ara yíyún tó ń mú oorun wá lọ, ṣùgbọ́n 100 mg lẹ́yìn ẹ̀rọ ni, kì í ṣe 300 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ tí ẹlòmíràn ń lò. Ìyẹn á mú kí wọ́n máa sọ ìsọkúsọ, kí wọ́n máa ṣubú. Dialysis ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ náà kéré. Ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2025 pé owó dialysis ẹ̀ẹ̀kan wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn kan, UCH Ìbàdàn àti FMC Ẹ̀bùté-Mẹ́tta wà lára wọn. Ẹ béèrè èyí tó sún mọ́ yín, bóyá ẹ lè fi ìkẹta kún un.

Ẹ ò sọ bóyá màmá ní ìtọ̀ ṣúgà. Bí wọ́n bá ní in, tí ṣúgà wọn wá ń lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n yí nǹkan kan padà, kì í ṣe pé àgbo ti wò ó sàn. Kíndìnrín wà lára àwọn tó ń kó insulin kúrò lára. Bó bá ti kú, insulin á máa pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n dín ìwọ̀n rẹ̀ kù kíá, kí wọ́n sì fi glibenclamide, oògùn ṣúgà oníhóró, sílẹ̀, torí ó lè gbé wọn dákú fún wákàtí púpọ̀. Àyẹ̀wò HbA1c tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù mẹ́ta pàápàá máa ń parọ́ fún ẹni tó ń gba EPO tàbí ẹ̀jẹ̀, ẹ gbẹ́kẹ̀ lé èyí tí wọ́n ń gún níka.

Bẹ́ ẹ bá lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀. PCV tí wọ́n bá gbà lẹ́yìn rẹ̀ á dà bíi pé ó gòkè, torí omi ti jáde. Kí wọ́n ṣe calcium, phosphate, albumin, PTH, ferritin àti saturation. Phosphate tí kò ju 5.5 mg/dL lọ ṣì ṣeé fara mọ́. PTH tó wà láàárín ìlọ́po méjì sí mẹ́sàn-án òkè ìwọ̀n láàbù yẹn, nǹkan bí 130 sí 600, kò tíì burú fún ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí àmì pupa tí láàbù fi sí i dẹ́rù bà yín. Kí wọ́n má tún fi abẹ́rẹ́ mìíràn gún ọwọ́ tí fístúlà wà nítorí àyẹ̀wò náà.